O Ṣeun Tí O Bá Mi Dá Bàálù Ẹ̀gbọ́n Mi Dúró

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwa níbí ò ṣàìsàn, àfi orúnkún mi tó ń dún bí ilẹ̀kùn, ìyẹn ò sì ní kí n má jẹun. Ọlọ́run tó gbé ẹ gorí ilé gogoro onígíláàsì tí o ti ń darí bàálù kò ní jẹ́ kí o já bọ́.

Ọpẹ́ ni mo fẹ́ dá. Mo ti gbé obìnrin aránṣọ yẹn níyàwó. Ọjọ́bọ̀ la lọ sí kóòtù. O mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti búra pé òun á wọ bàálù wá, òun á sì fa ìwé náà ya kí akọ̀wé tó lu òǹtẹ̀, pé kí ni arúgbó tí ò lè dá ìbọ̀sẹ̀ wọ̀ fẹ́ fi ìyàwó ṣe. Nígbà tí mo sọ fún ẹ lórí fóònù, ẹ̀rín lo rín, o ní kí n fọkàn balẹ̀, pé kò sí bàálù tó ń gbéra lásìkò mọ́. Mo ní háà, ọmọ mi ti gbọ́ tèmi nìyẹn.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti pápákọ̀ òfurufú, ó ní wọ́n ní kí àwọn jókòó. Mo wọ aṣọ mi. Ó tún pè, ó ní àwọn ti wọ bàálù, wọ́n tún ní kí àwọn sọ̀ kalẹ̀, pé àwọn tó ń darí bàálù ò pé níbi iṣẹ́. Mo fi ìpara pa orí mi. Nígbà tí akọ̀wé bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni lòdì sí i, mo ní ẹni tó lòdì sí i wà ní pápákọ̀, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Rédíò ní ẹ ò tó ni, pé àwọn àgbà ti fẹ̀yìn tì, ìjọba ò sì gba ọmọ tuntun. Mo rẹ́rìn-ín sínú, mo mọ̀ pé wọ́n kàn ń bò ẹ́ láṣìírí ni. Onígbàjámọ̀ ní ẹ kì í fi okùn so bàálù, pé ohùn lásán lẹ fi ń dá a dúró. Mo ní ohùn tó lè dá irin dúró, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lo ti jogún rẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́ kó tó dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí, orí àga irin ló sùn, ó ti bá gbogbo ayé jà, ohùn rẹ̀ sì ti há. Ìyàwó mi gbé omi gbígbóná wá, ó ki ẹsẹ̀ náà bọ̀ ọ́, ó ń fọwọ́ wọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òun. Èmi tí mo ti ń wá ibi tí mo máa sá gbà, mo bá jókòó.

Ó wá sọ pé òun rí ọ̀kan nínú àwọn tó ń darí bàálù nígbà tó ń jáde níbi iṣẹ́, ọmọdé bíi tìẹ, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń rìn bí ẹni tó mutí, èrò sì ń ṣépè lé e lórí. Ó ní òun náà ti ṣẹ́ èpè kan lé e kí òun tó rántí ẹ, òun sì sọ kíákíá pé kó má ṣẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Nítorí náà, má dá bàálù kankan dúró nítorí mi mọ́. Bí ẹ ò bá pé, sọ fún ọ̀gá rẹ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí kò bá rí èèyàn, mo lè wá dúró fún ẹ fún ọ̀sẹ̀ kan kí o lè sùn. Ojú mi ń rí ọ̀nà jíjìn dáadáa, nítòsí nìkan ló kù díẹ̀ káàtó.

Ìyàwó mi fẹ́ rán aṣọ fún ẹ. Ó bi mí bí èjìká rẹ ṣe fẹ̀ tó. Mo na ọwọ́ mi, ó wò ó, ó ní ọmọ ilé ìwé ni mo nà yẹn. Fi owó aṣọ ránṣẹ́, fi ti bàtà tèmi náà sí i, ṣùgbọ́n èjìká yẹn, ìwọ fúnra rẹ ni kó o gbé e wá ká wọ̀n ọ́n.

Kí ẹni tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ má pẹ́ dé. Gbogbo ohun tí o bá darí sókè, kó sọ̀ ní àlàáfíà.

Èmi ni bàbá rẹ, ọkọ ìyàwó.