Àlùbọ́sà Mi àti Ajá Rẹ

Tungar Barau, lẹ́bàá Galmi,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìkórè àlùbọ́sà.

Lawali ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àjò. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ìlera ní Agadez, kí irin ọkọ̀ tí ò ń tú tí ò ń tò má ṣe ọ́ léṣe. Ara ìyá rẹ le, ara tèmi náà le, àfi orúnkún tí o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ̀wé. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń rán ìyá rẹ pé kó bá mi kí ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé rán ẹnikẹ́ni, torí náà jókòó kí o tó kà á.

Ọ̀rọ̀ Maigona, ajá rẹ, ni. Kò kú. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù, ọwọ́ mi ni ì bá sì kú sí.

Nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni àìsàn kan wọ àárín àwọn ajá ìlú wa. Wọ́n á máa bì, wọ́n á máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, nígbà tó bá di ọjọ́ kẹta, wọ́n á kú. Ajá mẹ́fà lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Baálẹ̀ wá pàṣẹ pé ajá yòówù tó bá ń ṣàìsàn, kí wọ́n lù ú pa kó tó kó o ran àwọn yòókù. Sumaila aládùúgbò wa ló fi ṣe olórí àwọn tó ń gbé kùmọ̀ kiri. O ṣáà mọ Sumaila, ẹni tí kò níṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti ríṣẹ́.

Mo rántí ọjọ́ tí ò ń lọ, tí ọkọ̀ ti ń kùn, tí mo kẹ̀yìn sí ọ. O ní, "Baba, ẹ bá mi tọ́jú Maigona. Mi ò ní bẹ̀ yín ní nǹkan mìíràn mọ́." O sì mú ọ̀rọ̀ rẹ ṣẹ, o kò bẹ̀ mí ní nǹkan kan láti ọjọ́ náà. Ẹ̀rù wá bà mí pé ohun kan ṣoṣo tí ọmọ mi fi sí ìkáwọ́ mi ti fẹ́ bọ́.

Kò sí owó oògùn nílé, àlùbọ́sà ṣì wà nínú àká, àwọn oníbàárà kò tíì dé. Mo ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, ẹ jẹ́ kí n ti fún ajá yìí lókun kí àìsàn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí ni bàbá mi fi tọ́ mi? Àlùbọ́sà. Bí ikọ́ bá ń ṣe ìwọ náà ní kékeré, kí ni mo ń fún ọ? Mo ṣa àwọn tó pupa jù, mo gún wọn, mo pò wọ́n mọ́ tùwó rẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Maigona yí imú kúrò. Mo jókòó tì í, mo ń bá a wí títí ó fi jẹ ẹ́, torí ajá náà gbọ́ràn jù ọ́ lọ.

Ìyá rẹ ní, "Baba Lawali, ajá yìí ò fẹ́ nǹkan yìí o. Bí àlùbọ́sà bá kú lọ́la, ẹ̀yin ni wọ́n máa wá bá kẹ́dùn." Mo ní kó kọjú sí ìkòkò rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà, Maigona kò dìde mọ́. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré dé, ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí omi tíì. Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo fi kún àlùbọ́sà náà.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni Sumaila dé pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́ta. Ó ní, "Mahaman, gbé ajá yẹn síta. Òfin ò mojú ẹnìkan." Mo gbé ọkọ́, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ìjà ti dé ná, àfi bí ìyá rẹ ṣe já wọlé pẹ̀lú Zeinabu, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú màlúù fún ìjọba. Ó ti sá lọ pè é láìsọ fún mi.

Zeinabu ṣí ètè ajá náà sókè. Èrìgì rẹ̀ funfun bí òwú. Ó ní, "Baba, kí ló ń jẹ?" Mo na àyà. Mo ní, "Àlùbọ́sà oko mi ni, èyí tó dára jù." Ó fi ètè ajá náà sílẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Baba. Àlùbọ́sà yín ló ń pa á. Ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́ ni, ì báà jẹ́ tútù, ì báà jẹ́ sísè. Aáyù náà kò dáa fún un." Mo ní, "Ọmọ yìí, ṣé o mọ ìlú tí o wà?" Sumaila bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ rọra sọ ọ́ o, kí àlùbọ́sà má lọ gbọ́!"

Zeinabu ní Baálẹ̀ kò ní gba òun gbọ́, pé ẹnu ẹni tó fún ajá lóúnjẹ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ. Bí mo ṣe dé iwájú Baálẹ̀ nìyẹn. Èrò kún ibẹ̀. Àwọn oníbàárà méjì láti Konni tó wá wo àlùbọ́sà wa náà jókòó. O mọ̀ mí, Lawali. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò jẹ̀bi rí. Òógùn bò mí. Mo ní, "Kì í ṣe àìsàn ìlú ló ń ṣe ajá yìí. Èmi ni. Mo fún un ní ohun tí kò bá ara rẹ̀ mu, ó yí imú kúrò, mo fi dandan mú un. Mo ṣe àṣìṣe." Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Baálẹ̀ ní òun fún mi ní ọjọ́ mẹ́jọ: bí ajá náà kò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé iwájú òun ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí Sumaila ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Zeinabu sọ ohun tí kò ní ná wa lówó púpọ̀: ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ alápatà, ẹyin adìyẹ ìyá rẹ, ká sè é láìfi iyọ̀ sí i, ewé mọ̀ríngà ìwọ̀nba, omi mímọ́, ibi tútù. Mo fi ọwọ́ ara mi já eégbọn ara rẹ̀. Ó kìlọ̀ fún mi pé oúnjẹ lè dá okun padà o, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò abẹ́rẹ́ tó ń dènà àìsàn, òun yóò wá gún un nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Ọjọ́ kẹrin pé, kò dìde. Ọjọ́ keje, ó gbé orí sókè, ó tún gbé e kalẹ̀. Mi ò lè jẹun.

Nígbà tí Jímọ̀ náà pé, Sumaila dúró lójúde pẹ̀lú kùmọ̀ rẹ̀. Mo pe Maigona, kò mira. Mo tún pè é. Ni mo bá rántí bí o ṣe máa ń súfèé sí i, èyí tí mo máa ń nà ọ́ lé lórí. Mo ká ètè mi jọ, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Mo tún gbìyànjú. Etí rẹ̀ kan gbọ̀n. Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wárìrì, ó dìde. Ó dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà, mo sì ń súfèé bí ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ lójú gbogbo ìlú, títí a fi dé iwájú Baálẹ̀. Sumaila ju kùmọ̀ sílẹ̀, ó ní, "Mahaman, ajá yìí lágídí bíi tìẹ." Mo sunkún, ọmọ mi. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ẹnu mi ti wá mọ̀ ọ́n sọ, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ìwọ náà. O yí imú kúrò nínú oko àlùbọ́sà, mo jókòó tì ọ́, mo fi dandan mú ọ. Mo sọ pé bí o bá lọ, kí o má padà. Mo ṣe àṣìṣe.

Kí Ọlọ́run bù sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Kí o má rí ibi. Ibi tí o bá ti yí ojú sí, kí ọ̀nà là fún ọ níbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń retí rẹ,
Mahaman.

Mo tún rántí: ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ara Maigona ti ń yá, Zeinabu sì ti gún un lábẹ́rẹ́ láàárọ̀ yìí. Ọkọ́ tuntun tí mo rà dè ọ́, mo ti fún Sumaila, ó sì fi kùmọ̀ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Òun la fi dáná ẹ̀dọ̀. Bí o bá ń bọ̀, má ra nǹkan kan. Ṣáà máa bọ̀. N ó kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè ohun tí o fẹ́ jẹ.