Ìpàkọ́ Onípàkọ́ Lára Ògiri

Ilé Alhaji Mukhtar,
Ẹ̀yìn Ilé Búrẹ́dì,
Ìfàkò-Ìjàyè, Èkó.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, 2024.

Sùlíyá, ọ̀rẹ́ mi àtikékeré,

Ṣé dáadáa lo wà? Ẹsẹ̀ màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń fi í rìn dé mọ́sálásí? Ṣé iṣẹ́ ìránṣọ ń lọ déédéé? Ara mi le, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀.

Oṣù méjì tí mo ti dé ilé yìí, kò sẹ́ni tó bèèrè orúkọ mi. "Sítúdẹ́ǹtì" ni wọ́n ń pè mí. Láàárọ̀ Sátidé, a jí bá àwòrán ńlá kan lára ògiri ọgbà wa. Àwọn èèyàn ni, wọ́n kẹ̀yìn sí wa, wọ́n forí kanlẹ̀ fún búrẹ́dì kan tó tóbi tó ilẹ̀kùn.

Alhaji, onílé wa, fọwọ́ bojú. "Ta ló ń fi ìrun ṣe yẹ̀yẹ́?"

Bàbá Johnson, tí yàrá wọn wà níwájú, rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. "Alhaji, òótọ́ ni. Ta ni kì í sin ikùn nílé yìí?"

Ló bá di pé àwọn kan ní kí wọ́n pa á rẹ́, àwọn kan ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọláwọlé, ayálégbé bíi tèmi, nawọ́ sí ẹnì kan nínú àwòrán, ó ní fún ẹnìkejì rẹ̀: "Ezekiel, ìwọ rèé! Wo ìdí bí ìkòkò." Ezekiel ní, "Èmi kọ́. Èyí tó hu iké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn ńkọ́, ṣé kì í ṣe ìwọ ni?" Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Oníkálukú mọ ẹ̀yìn ẹlòmíì, kò sẹ́ni tó mọ tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan bá ń bọ̀ lẹ́yìn ẹni, ṣe lèèyàn á yà fún un kó kọjá ṣáájú.

Ojú wá yí sọ́dọ̀ mi. "Sítúdẹ́ǹtì tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn, kí ló máa ń kọ sínú ìwé?" Alhaji ní bí n kò bá lè sọ ẹni tó yà á títí ọjọ́ Jímọ̀, kí n kó ẹrù mi.

Àmọ́ mo ti rí nǹkan kan. Ní igun ìsàlẹ̀ àwòrán náà, ọmọbìnrin kan jókòó, kò forí kanlẹ̀ bí àwọn tó kù. Ìwé wà lórí itan rẹ̀, bùláòsì rẹ̀ ya lẹ́yìn, lábẹ́ èjìká. Mo wọlé, mo bọ́ bùláòsì mi. Ó ya lóòótọ́. Èmi gan-an ò mọ̀. Ìdí kànga ni mo ti máa ń kàwé, fèrèsé kan ṣoṣo ló sì kọjú sí ẹ̀yìn mi níbẹ̀: ti Uswat, ọmọ Alhaji, ẹni tó ń pariwo jù pé kí wọ́n pa àwòrán náà rẹ́.

Lánàá, mo mú bùláòsì náà lọ bá a, mo ní kó yá mi ní abẹ́rẹ́. Mo ká a mọ́wọ́, n kò fi ibi tó ya hàn án. Ó gbà á, ó tú u, ìka rẹ̀ lọ tààrà síbẹ̀. A wo ara wa. Ó rán an fún mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kí ni wọ́n ń pè ẹ́ nílé yín?"

Sùlíyá, bí mo bá dárúkọ rẹ̀ fún Alhaji, yàrá mi ò ní bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ilé yìí, òun nìkan ló wò mí rí. Mo ti ń di ẹrù. Má fèsì sí àdírẹ́sì yìí. Dúró kí n fi tuntun ránṣẹ́.

Bá mi kí màmá, kí o sì kí Shuaib àbúrò rẹ.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,
Ọmọ́bọ́láńlé.