Ẹsẹ̀ Dèjì Tí Ó Wà Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Otokiti,
Lọ́kọ́ja.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹjọ, ọdún 1983.

Salome ọmọ mi,

Ọ̀kun o. Ọ̀kun iṣẹ́, ọ̀kun ìwé kíkà, ọ̀kun àárẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé omi Ìlọrin ti bá ọ lára mu wàyí? Ọlọ́run tí ó mú ọ dé ọ̀hún tí táyà ọkọ̀ yín kò fọ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, òun náà ni yóò mú ọ wọ yàrá ìdánwò, yóò sì di ojú olùkọ́ tí ó ń ṣe ìbéèrè kí ó má baà rí ibi tí o kò kà. Àmín. Ìyá rẹ ní kí n kọ àmín tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó má baà dà bí ẹni pé èmi nìkan ni mo ń gbàdúrà nínú ilé yìí. Àmín.

Bí o bá wà ní ìdúró, jókòó. Dèjì ti rìn. Ọmọ rẹ rìn láti ẹnu ọ̀nà wa níhìn-ín títí dé ilé ìfìwéránṣẹ́, ó gba ẹ̀yìn ọjà, ó kí àwọn Ẹ̀bìrà ní èdè Ẹ̀bìrà, ó kí àwọn Nupe ní tiwọn, ó ra sítáǹpù tí ó wà lára àpò ìwé yìí, ó sì ka ṣéńjì rẹ̀ kí ó tó kúrò níbẹ̀. Bí ó ti ń bọ̀, àwọn ènìyàn ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń béèrè pé ọmọ ta ni èyí, mo ní ọmọ ọmọ Bámiṣayé ni, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó rìn dé ilé òun, kí ó kọ́kọ́ lọ gbálẹ̀ dè é.

Ìyá rẹ ní kí n ka ohun tí mo kọ sókè kí òun náà gbọ́. Nígbà tí mo kà á dé ibi ṣéńjì, ó dìde kúrò lórí àpótí, ó ní kí n pa á rẹ́. Báírò kò ṣeé pa rẹ́, ìwé náà yóò sì lu bí mo bá ń ha á. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n yọ ilé ìfìwéránṣẹ́ kúrò, yọ sítáǹpù kúrò, yọ àwọn Ẹ̀bìrà àti àwọn Nupe kúrò pẹ̀lú gbogbo ìkíni wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kọjá àgbàlá wa. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀, òótọ́ ni.

Ìdí tí mo fi sáré bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ ni ìwé rẹ tí Alfred dẹ́rẹ́bà fi lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó kọjá. O ní Dèjì ti pé oṣù mẹ́tàdínlógún, pé nínú ìwé agbẹ̀bí tí ẹ ń kà, ọmọ tí kò bá tíì rìn títí di àsìkò yìí, ó yẹ kí a wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. O ní bí oṣù yìí bá parí tí kò rìn, ìwọ yóò fi ìdánwò sílẹ̀, ìwọ yóò palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́, ìwọ yóò wá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá rẹ sunkún. Èmi kò sunkún, èéfín ni ó wọ̀ mí lójú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò tíì dáná. Salome, oṣù mẹ́jọ ni o ti fi ọmú sílẹ̀ lẹ́nu ọmọ tí o wà lẹ́nu ìwé yìí, ìdánwò sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Gbogbo Otokiti ni mo ti sọ fún. Mùkáílà aránṣọ, aládùúgbò wa, ti ń tọ́jú orúnkún rẹ̀ dè ọ́ láti oṣù kẹrin, kò gbà kí ẹlòmíràn wò ó. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ agbẹ̀bí ni o ń kọ́, ó ní orúnkún náà wú tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìwọ̀n tí o ní kí n máa gbé Dèjì lọ fún ní ilé ìwòsàn ní oṣooṣù, mi ò pa á jẹ rí. Ẹ̀yìn mi ni ó ń bá lọ. Ọ̀já ìyá rẹ ni mo fi ń pọ̀n ọ́n. Àwọn obìnrin tí ó wà lórí bẹ́ńṣì máa ń fi ara gbún ara wọn, wọ́n á máa bo ẹnu, mo sì máa ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo máa ń bi wọ́n léèrè ọkọ wọn, nígbà tí wọn yóò bá fi dáhùn tán, ẹ̀rín á ti tán lẹ́nu wọn. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ọmọ Igala kan tí ń jẹ́ Martha, yóò gbé Dèjì kọ́ sára ìwọ̀n, yóò fi báírò ṣe àmì kan tóó sórí káàdì, yóò sì fa ìlà láti ara àmì oṣù tó kọjá wá sí ara tuntun. Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìdánwò ni. Mo bi í pé ipò kelòó ni ọmọ wa ṣe. Ó ní kò sí ipò. Mo ní àwa tí a ka ìwé dé Sítáńdáàdì Túù, kò sí ìdánwò tí a ṣe tí kò ní ipò, àní èmi ṣe ipò ogójì nígbà kan. Ó ní kí n ṣáà máa wo ìlà, pé bí ó bá ń gòkè, ó dára.

Ní oṣù kẹfà, ìlà náà dúró ṣánṣán bí òkè Patí. Ní oṣù keje, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Oorun kò kùn mí mọ́. Ọmọ ọmọ tèmi ni yóò fìdí rẹmi ní Lọ́kọ́ja níbí, níṣojú àwọn obìnrin wọ̀nyẹn? Nítorí náà, nígbà tí a ń lọ ní oṣù yìí, mo to bátìrì rédíò mẹ́rin sínú ìlédìí rẹ̀, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, kí ó má baà tẹ̀ sí apá kan. Ìlà gòkè. Nọ́ọ̀sì yìn mí. Ó ní Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú. Àfi bí ó ti ń sọ ọmọ kalẹ̀ tí bátìrì kan já bọ́, tí ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ bẹ́ńṣì, tí gbogbo àwọn obìnrin wọ̀nyẹn gbé ẹsẹ̀ sókè fún un. Ó bi mí pé kí ni èyí. Mo ní kí òun tí ó ka ìwé sọ fún mi. Ó tún un wọ̀n, ó sì fa ìlà mìíràn tí n kò ní ṣe àlàyé rẹ̀ fún ọ. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá ọmọ náà ti ń rìn, ó ní kí n gbé e sílẹ̀ kí òun rí i. Mo ní ilẹ̀ yín tutù. Mo pọ̀n ọ́n, a kúrò níbẹ̀.

Joseph ọkọ rẹ náà wá láti Àjàòkúta ní Sátidé tó ṣáájú ìwé rẹ. Ó gbé bisikíìtì wá, ó kí ọ. Òun pẹ̀lú béèrè ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí. Mo ní ọmọ ń sùn. Dèjì wà lẹ́yìn mi nígbà náà, ó la ojú méjèèjì, ó ń fa etí mi, ṣùgbọ́n àna ẹni kò lè jiyàn.

Fọ́ọ̀mù tí ilé ìwé yín fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ó dúró fún ọ, mo ti kọ ọ̀rọ̀ kún un, ó wà nínú àpò ìwé yìí. Mo fọwọ́ sí i, mo sì tún tẹ àtàǹpàkò sí i, kí ọ̀kan má baà já wọn kulẹ̀. Wọ́n ní kí n fi fọ́tò pélébé méjì há a lára. Mo rò ó títí, n kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ojú èmi nìkan ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi tèmi kan sí i, mo fi ti Mùkáílà kan sí i, kí wọ́n lè mọ̀ pé o ní ènìyàn. Bí wọ́n bá béèrè ta ni èkejì, sọ fún wọn pé ó láṣọ tí ó dára ju èyí tí ó wọ̀ yẹn lọ.

Ó wá ku kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ pé kí a fi gba ohùn Dèjì fún ọ, mo rò pé bí ó bá lè gba ohùn, kí ló dé tí kò ní lè gba ìrìn? Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí ìwé rẹ dé, mo gbé ẹ̀rọ náà sórí ilẹ̀ yàrá, mo tẹ bọ́tìnnì pupa, mo ní, Dèjì, rìn. Ó wò mí. Mo wá rántí pé ẹsẹ̀ ọmọdé kì í dún, kódà bí ó bá rìn, ìwọ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Mo ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ bàtà tí mo ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rìn láti ìdí ibùsùn lọ sí ẹnu ọ̀nà, pà, pà, pà, mo ń dúró díẹ̀ bí ọmọdé ti máa ń ṣe, mo tilẹ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀kan kí ó lè dà bí òótọ́. Dèjì wà lẹ́yìn mi, ó ń gun ẹṣin. Mùkáílà gba ojú fèrèsé wò wá, ó béèrè ohun tí ó sọnù, kí n tó fèsì ó ti wọlé, òun náà ti kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ yẹn, ó ń wá a.

Ẹ̀gbẹ́ kìíní kásẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn. Bí o bá gbọ́ ẹni tí ó ń béèrè pé ṣé abẹ́rẹ́ ni àbí owó, Mùkáílà ni. Mo mọ̀ pé ìwọ yóò sọ pé ẹsẹ̀ yìí wúwo fún ọmọ oṣù mẹ́tàdínlógún. Ó wúwo lóòótọ́. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, Dèjì fúnra rẹ̀ ni, kò sí màgòmágó níbẹ̀, ó ń pe bàbá, bàbá. Ìyá rẹ ní gbogbo ọmọ ni ó ń pe bẹ́ẹ̀, pé kì í ṣe èmi ni ó ń pè. Owú ni ó ń jẹ.

Bí Alfred bá ń bọ̀, fi bátìrì mẹ́rin rán an, nítorí nọ́ọ̀sì kò dá ọ̀kan padà, mẹ́ta kò sì lè mú rédíò sọ̀rọ̀. Fi owó díẹ̀ sí i fún ṣúgà àti kẹrosíìnì, àti fún ohun mìíràn tí n kò rántí, ṣùgbọ́n bí owó náà bá dé, n óò rántí. Má fi ebi pa ara rẹ nítorí tiwa o.

Ọlọ́run yóò tì ọ́ lẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ yóò gba ọmọ tí yóò ké ní ojú ẹsẹ̀. Ìyá kankan kò ní kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Ohun tí o ka yóò wá sí ọ lórí, èyí tí o kò kà yóò ṣèèṣì bọ́ sí i. Dèjì kí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bámiṣayé.

Mo ti lẹ àpò ìwé náà kí ìyá rẹ tó ní kí n tún gbogbo rẹ̀ kà fún òun, mo sì ní láti fi omi gbígbóná ṣí i. Nígbà tí mo kà á tán, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá Salome, o kò tíì sọ fún un.”

Ó dára. N óò sọ.

Nígbà tí o wà ní kékeré, mo wà ní ibùdó àwọn tí ó ń ṣe ọ̀nà Kábà. Oṣù mẹ́jọ ni n kò fi wálé. Jíjókòó ni mo fi ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo dé, o rìn wá sí ẹnu ọ̀nà, o wò mí, o sì rìn padà lọ fi ara pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ. Mo ní ọmọ mìíràn kò ní rìn lójú ilé yìí kí n má sí níbẹ̀. Nígbà tí o gbé Dèjì sílẹ̀ fún wa, mo gbé e. Mo gbé e ní òwúrọ̀, mo gbé e ní ọ̀sán, mo pọ̀n ọ́n lọ sí oko ní Agbaja, mo pọ̀n ọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ojoojúmọ́ ni ìyá rẹ ń sọ pé kí n sọ ọmọ yìí kalẹ̀. Bí ó bá gbé e sílẹ̀, n óò gbé e. Ọmọ náà kò mọ ohun tí ẹsẹ̀ wà fún.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e nínú àgbàlá, ẹ̀yìn mi dá gbá, n kò lè nàró mọ́. Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Ó na ọwọ́ sí mi. N kò lè gbé e. Ó retí mi títí, inú bí i, ó di àpótí ìyá rẹ mú, ó dìde, ó sì fi àpótí náà sílẹ̀. Ọmọ ewúrẹ́ Mùkáílà kan wà lẹ́bàá ògiri, òun ni ó lọ bá, kì í ṣe èmi. Ìgbésẹ̀ méje, ìyá rẹ ni ó kà á. Láti ọjọ́ náà kò jókòó mọ́.

Kò sí ohun tí ó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, Salome. Apá mi ni kò jẹ́ kí ó rìn. Dúró síbẹ̀, ṣe ìdánwò rẹ. Mo ti sọ ọ́ kalẹ̀.