Tata Kò Lè Fò

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a sunkún ara wa. Ilé wà níbi tí o fi sílẹ̀ sí, àgádágodo ni mo fi tì í, torí orí bẹ́ǹṣì ọsibítù ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Jókòó kí o tó kà á lọ.

Ọmọ rẹ ni inú ń run. Láti àná ni. Ó kọ́kọ́ ní ìdodo ló ń dun òun, mo ní irọ́ ni, inú rírun ọjọ́ ilé ìwé ni, irú èyí tó máa ń ṣe ìwọ náà ní kékeré, tó máa ń lọ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá ti ń darí bọ̀ wálé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ní ó ti kúrò ní ìdodo, ó ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Mo ní ìrora wo ló ń kó ẹrù láti ilé kan sí èkejì? Àmọ́ oúnjẹ kò wù ú jẹ, ó ń bì, ara rẹ̀ gbóná, ni mo bá gbé e pọ̀n, èmi bírìkìlà tó ti fẹ̀yìn tì, gbogbo àdúgbò sì ń wò mí.

Dókítà tí a bá kò tíì hu irùngbọ̀n. Ó fi ìka gbá ikùn ọmọ wò bí èmi ṣe máa ń gbá ògiri wò láti mọ ibi tí simẹ́ńtì ti wú. Ó wá ní kí ọmọ dìde kó fò. Inú bí mi. Mo ní ọmọ tí kò yá lẹ ní kó wá máa ṣeré? Ó ní kí n fara balẹ̀. O mọ̀ pé kì í ṣe lásán la fi ń pè é ní Tata, ọmọ tí kì í gba ẹnu ọ̀nà jáde tí fèrèsé bá ṣí sílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó wò mí, ó gbé e padà sílẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Tata kò lè fò. 

Dókítà tẹ ibẹ̀ jẹ́jẹ́, ọmọ mú un mọ́ra. Ìgbà tí dókítà gbé ọwọ́ kúrò lójijì ni ọmọ wá figbe ta. Wọ́n ní ìfun kékeré kan tó dà bí ìka ọwọ́ ló wú, pé tí àwọn kò bá tètè gé e, ó lè bẹ́ sí i nínú. Mo ní ìfun tí Ọlọ́run dìídì fi síbẹ̀? Ó ní kò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ tó ń ṣe. Mo ní èmi náà kò níṣẹ́ tí mò ń ṣe nílé mọ́, kí ẹnikẹ́ni má gé mi o. Kò rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n gé e.

Mo lọ tọ̀, mo padà dé, bẹ́ẹ̀dì ti ṣófo. Nọ́ọ̀sì ní ó ti wà ní tíátà. Mo ní ọmọ tí inú ń run, ẹ gbé e lọ wo eré? Kí ló dé tẹ́ ò dúró dè mí kí n jókòó tì í? Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ta ló sọ yàrá náà lórúkọ yẹn?

Má bi mí pé kí ló dé tí n kò pè ọ́. Nọ́ọ̀sì yìí ló ní kí n pa fóònù nígbà tí a wọlé, kò sì tíì ní kí n tàn án. Tí mo bá tàn án tí ẹ̀rọ wọn sì ṣìṣe lára ọmọ ńkọ́? Awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ni mo máa fi ìwé yìí rán. Ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ náà ṣì wà ní títì. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi.

Mo dá kálàmù dúró, ilẹ̀kùn ti ṣí. Ìfun náà kò tíì bẹ́ kí wọ́n tó bá a. Ọmọ ti lajú. Kò béèrè omi, ìwọ ló béèrè.

Fi owó oògùn ránṣẹ́, kí o fi ti bàtà mi sí i, ó já lójú ọ̀nà. Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ, àbọ̀ gan-an ni mo ń tọrọ. Mo ti sọ fún Tata pé o ti wọ mọ́tò. Má sọ mí di òpùrọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.