Pẹ̀lẹ́ Kò Tíì Kú

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnáwó, mo kí ọ kú ariwo ìlú ńlá. Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ, iṣẹ́ tí ò ń ṣe nínú ilé gíga yẹn kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, àga tó ń yí bírí tí wọ́n ní ò ń jókòó lé kò sì ní yí ọ dànù. Àmín. Ara mi le, àfi orúnkún ọ̀tún tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin kí ọ. Òrùlé ilé ìdáná ń jò, a ti gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àlàáfíà ni a wà, àlàáfíà náà sì parí síbí, nítorí inú ń bí mi sí ọ gan-an ni.

Lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, o ní kí n gbàgbé Pẹ̀lẹ́. O ní ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ti kọjá, pé ológbò tó bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níta ti kú, pé wàá ra òmíràn fún mi. Bí mo ṣe fẹ́ dá ọ lóhùn ni fóònù kú mọ́ mi lọ́wọ́, ìdí nìyí tí mo fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù báyìí, tí mo ti bàtà oníbàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí mo mú bírò. Ra òmíràn! Ogójì ọdún ni mo ti ń tún bàtà ṣe, n kò sì sọ fún oníbàtà kankan rí pé kó lọ ra òmíràn. Ìyá rẹ ló tọ́ ológbò yẹn láti ìgbà tí kò tíì ju ẹyin adìẹ lọ nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Òun ló sọ ọ́ ní Pẹ̀lẹ́ nítorí ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Orí ẹsẹ̀ ìyá rẹ ló ń sùn sí títí ìyá rẹ fi fi ayé sílẹ̀. Ìwọ wá ní kí n gbàgbé.

Orúkọ yẹn gan-an ti kó mi sí wàhálà. Bí mo bá ń lọ ládùúgbò tí mò ń pe Pẹ̀lẹ́, Pẹ̀lẹ́, gbogbo ayé rò pé àwọn ni mò ń kí. Àwọn tó ru ẹrù ń dá mi lóhùn pé bàbá ẹ ṣé. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ, dúró sójú ọ̀nà, ó ní láti ìgbà wo ni òun àti èmi ti di ẹgbẹ́ tí mo fi ń sọ pé pẹ̀lẹ́ fún òun láìfi ẹ síwájú rẹ̀. Mo ní kó má bínú, ológbò ni mò ń pè. Ó ní ṣé òun ni mo wá ń pè ní ológbò. Títí di òní a kì í kí ara wa.

Ìwọ náà lo sì ní kí n gbé àwòrán rẹ̀ sí ojú òpó kí gbogbo ayé lè rí i. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mú àwòrán kan ṣoṣo tí a ní, èyí tí ìyá rẹ ti gbé e mọ́ àyà, mo fi gọ́ọ̀mù bàtà lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó iná iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, ojú òpó ni mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Mo kọ Ó SỌNÙ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Lẹ́yìn náà lo tún bi mí pé ṣé àwọn ènìyàn ti ń pín in. Ta ló máa pín in? Àwòrán kan ṣoṣo! Ta ni yóò mú orí, ta ni yóò mú ìrù? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dúró ti òpó yẹn kí ẹnikẹ́ni má baà pín in. Ọkùnrin àlejò kan dúró, ó wo àwòrán náà dáadáa, ó ní bàbá, èwo ló sọnù nínú àwọn méjèèjì?

Mo tún lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ ohun tó sọnù sílẹ̀. Akọ̀wé obìnrin ibẹ̀ fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí n má fi àlàfo kankan sílẹ̀. N kò fi kankan sílẹ̀. Níbi tí wọ́n ti bèèrè iṣẹ́ rẹ̀, mo kọ eku pípa. Níbi tí wọ́n ti bèèrè bóyá ó ti ṣe ìgbéyàwó, mo kọ ọ́ pé kì í ṣe lójú mi. Níbi tí wọ́n ní kó tọwọ́ bọ̀wé, mo bi wọ́n pé bó bá wà nílé tó lè tọwọ́ bọ̀wé, kí ni mo wá wá sọ́dọ̀ yín? Akọ̀wé náà kà á, ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀, ó tún pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá kà á. Mo ní kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín nínú ohun tó sọnù? Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn ọjọ́ méje. Mo ti padà lọ nígbà mọ́kànlá.

Ṣùgbọ́n gbọ́ o, kó o tó sọ pé ó ti kú. Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ti ń la pákó rí àwòrán ojú òpó, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní ológbò kan ń gbé lábẹ́ pákó àwọn, etí òsì rẹ̀ ya, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì funfun. Mo lọ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Mo jókòó sórí ìtì igi títí orúnkún mi fi gan. Ó jáde. Òun ni! Ó ti rù, irun àyà rẹ̀ ti dọ̀tí, ṣùgbọ́n òun ni. Mo ní Pẹ̀lẹ́. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi báyìí, abẹ́ pákó ló já sí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Ológbò yẹn kò ṣèèṣì sọnù. Lọ́jọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí a sin ìyá rẹ, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó wá dùbúlẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi bó ṣe máa ń dùbúlẹ̀ lé ti ìyá rẹ. N kò lè gbà á lọ́jọ́ yẹn. Mo pariwo mọ́ ọn, mo ju bàtà lù ú. Ó wò mí, ó sì jáde, kò tilẹ̀ sáré.

Nítorí náà n kò bá a wí pé ó sá fún mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ lọ pè é, ṣùgbọ́n ohùn mi ni ẹ̀gbọ́n rẹ gbà, ẹ̀ṣọ́ ní pákó mì, Pẹ̀lẹ́ kò sì jáde. Ìwọ lohùn rẹ jọ ti ìyá rẹ. Mo pè ọ́ láti ibẹ̀, mo na fóònù sábẹ́ pákó kó o lè bá a sọ̀rọ̀, ṣe ni obìnrin kan dáhùn pé ẹni tí mò ń pè kò sí nítòsí. Mo bá obìnrin náà wí gidigidi pé kí ló kàn án nínú fóònù ọmọ mi, ohun kan náà ló ń tún sọ.

Mo fẹ́ owó díẹ̀ fún ẹja inú agolo, àti fún páànù ilé ìdáná. Má ṣe fi í ránṣẹ́ sí ilé ìfowópamọ́, ẹ̀rọ ibẹ̀ gbé káàdì mi mì lọ́jọ́ Ẹtì, mo dúró títí kó pọ̀ ọ́, kò pọ̀ ọ́. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá. Bó ò bá rí owó, ìwọ ṣáà wá.

Olúwa yóò tẹ́ ọ̀nà tó dán sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Ẹni tó bá ń wá ọ yóò rí ọ, ẹni tí ìwọ náà bá sì pè yóò jẹ́ ọ lóhùn.

Èmi ni bàbá rẹ, tí inú ṣì ń bí.