Òróró Lárà fún Ojú Nakiwala

Ssenga mi ọ̀wọ́n, àbúrò bàbá wa obìnrin,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí ọkọ yín àti gbogbo ará ilé ní Arua. Eékún Màmá ti ń san díẹ̀. Àgọ́ àti àga ti wà ní sẹpẹ́ fún ọjọ́ tí àwọn àna máa wá tọrọ àbúrò mi Nakiwala.

Ojú Nakiwala ni kò sí ní sẹpẹ́. Ó lẹ irun àtọwọ́dá mọ́ ìpéǹpéjú. Nígbà tó fà á yọ, irun tirẹ̀ bá a lọ. Èmi ni mo tún ní kó fá irun òkè ojú náà, pé yóò hù kún sí i. Oṣù kan rèé, ibẹ̀ ṣì ń dán bí ẹyin.

Àná ló tilẹ̀kùn mọ́rí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ojú tiyín jáde sí àwọn àna, ó kúkú nírun!” Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbà á lẹ́nu mi.

Òróró lárà tí ẹ máa ń fọwọ́ ara yín sè ni mo fẹ́, kó máa fi pa ojú kí irun lè hù padà. Ti ọjà Kampala níbí, wọ́n ti fi òróró mìíràn lú u. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré ló kù kí àwọn àna dé, irun kì í sì í yára hù.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ẹ gbé ìgò méjì wọ bọ́ọ̀sì kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ̀yin fúnra yín sì bá a wá. Nílẹ̀ wa, Ssenga ló ń mú ìyàwó jáde sí àwọn àna. Kò ní tẹ̀ lé èmi tí mo ní kó fá a.

Nassuuna yín