Gbágùúdá Tí Àwọn Ọmọ Iléèwé Ń Bẹ, Èmi Ni Mò Ń Rà Á

Kí ẹ tó ṣépè fún mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán. Gàrí ni mò ń yan tà ní Ẹ̀fọ̀n níbí. Màdáámù tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé ọmọ mi lóko gbágùúdá lẹ́yìn iléèwé, tó bá ti di Friday, wọ́n á ní labour ni, kóówá á mú ọ̀bẹ látilé, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á máa bẹ gbágùúdá màdáámù... èmi ni mo sì ń rà á. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ló ń bẹ ẹ́ o. Mo mọ̀! Mo ní ṣebí àwa náà ṣe labour láyé tiwa, ṣé a kú ni? Àwọn àgbà tó ń bá mi bẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹnu wọn mú ju ọ̀bẹ wọn lọ.

Ó wá ku ọ̀la Children's Day, wọ́n tún kó wọn lọ síbẹ̀. Ọ̀bẹ yọ̀ lọ́wọ́ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó gé e ní àtàǹpàkò, nọ́ọ̀sì rán an lójú mẹ́rin. Ọ̀bẹ tí èmi fọwọ́ ara mi pọ́n fún un! Ọmọ yìí ló yẹ kó gbé àsíá lọ́la ṣáájú àwọn tó ń máàṣì. Kò sunkún ọgbẹ́, ẹkún àsíá ló ń sun.

Lọ́jọ́ kejì, màdáámù gorí pèpéle, gèlè bí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ka ẹ̀tọ́ ọmọdé fún wa: ẹ má fọmọ ṣiṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ... Wàláì, ẹ̀rín pa mí, wọ́n rò pé orí mi ti dàrú. Ẹ̀yìn ẹ̀rín yẹn ni inú wá bí mi, inú ń bí mi di ìsinsìnyí. Mo lọ bá a. Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ìyá Onígàrí, ṣé ẹ̀yin lẹ bẹ gbágùúdá tẹ́ ẹ fi yan gàrí tẹ́ ẹ tà lọ́jà àná?”

Ìpàdé òbí ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bí mo bá tú àṣírí rẹ̀, màá tú tèmi. Bí mo bá dákẹ́, Friday á dé, ọmọ ẹlòmíì á jókòó síbẹ̀. Ṣé kí n dìde láàárín àwọn ìyá yẹn ni? Ọmọ mi ń bi mí láràárọ̀ pé ta gan-an ló ń ra gbágùúdá yẹn... kí ni kí n sọ fún un?